Rísẹ́pítọ̀ ínsúlìn kì í dọ̀tí: ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ohun ìfọ̀ fún yín

Ìbéèrè

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 58 ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí àtọ̀gbẹ ti wà lára mi. Metformin nìkan ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ ínsúlìn alẹ́ kún un lọ́dún tó kọjá. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ní kí n di irin kan mú lọ́wọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ sì tẹ ìwé jáde pé rísẹ́pítọ̀ ínsúlìn mi tó ṣí sílẹ̀ kò ju 34 nínú 100 lọ, pé ìdọ̀tí ṣúgà ló dí ìyókù, àti pé ínsúlìn tí mò ń gún gan-an ló túbọ̀ ń tì wọ́n pa. Ó ta oògùn olómi kan fún mi tó ní ó ń fọ rísẹ́pítọ̀. Mo ti lò ó fún ọjọ́ márùn-ún, ṣúgà mi sì wálẹ̀ lóòótọ́. Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta kí n pa metformin àti abẹ́rẹ́ tì. Ṣé ìgò mẹ́ta tó ní kí n lò ti tó, àbí kí n rà sí i?

Ìdáhùn

Ìyá mi, ẹ má pa abẹ́rẹ́ yín tì, ẹ má sì pa metformin tì. Ọ̀rọ̀ iye ìgò, ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, torí ìgò kan gan-an ti pọ̀ jù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹ ti gbà fún ọlọ́jà yìí pé rísẹ́pítọ̀ yín dọ̀tí, ẹ wá ń bi mí bí ẹ ó ṣe fọ̀ ọ́ tó. Rísẹ́pítọ̀, ìyẹn purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì tí ínsúlìn ń so mọ́ láti jíṣẹ́, kì í dọ̀tí. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí ní irú rẹ̀. Orúkọ oògùn ló kàn ń yí padà, ìtàn kan náà ni wọ́n ń pa fún gbogbo yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ dáhùn rẹ̀ ní gígùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí n tó lọ síwájú: n kò yẹ̀ yín wò, n kò mọ iye ṣúgà yín, n kò sì mọ bí kíndìnrín yín ṣe ń ṣe sí. Àlàyé ni mò ń ṣe níhìn-ín, kì í ṣe ìwé oògùn ni mò ń kọ. Dókítà tó mọ fáìlì yín ló lè dín oògùn yín kù tàbí kó fi kún un.

Àpèjúwe kọ́kọ́rọ́ ló bí gbogbo wàhálà yìí. Ẹ ti gbọ́ ọ rí nílé ìwòsàn: ínsúlìn ni kọ́kọ́rọ́, rísẹ́pítọ̀ ni ihò kọ́kọ́rọ́, tí kọ́kọ́rọ́ bá ti wọ ihò, ilẹ̀kùn á ṣí, ṣúgà á bá ibẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ó rọrùn láti sọ fún aláìsàn tí àwọn mìíràn ṣì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ihò kọ́kọ́rọ́ á ronú kan ìpẹtà, ẹni tó bá ronú kan ìpẹtà á wá ohun tí yóò fi fọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni ọlọ́jà sì ti ń dúró de èèyàn.

Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an nìyí. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, ìpele méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Purotéènì ni ínsúlìn, kò lè la ọ̀rá yẹn kọjá. Nítorí náà sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń ṣe purotéènì kan tó gùn gba awọ náà já, tí orí rẹ̀ wà níta, tí ìdí rẹ̀ wà nínú. Òun là ń pè ní rísẹ́pítọ̀: ibẹ̀ ni họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà bíi ínsúlìn tí ara fi ń ránṣẹ́, ti ń jíṣẹ́. Ti ínsúlìn ní apá mẹ́rin. Méjì wà níta pátápátá, àwọn ni ínsúlìn ń so mọ́. Méjì yòókù gba inú awọ kọjá, ìdí wọn sì wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún. Bí ínsúlìn bá ti so mọ́ àwọn ti òde, gbogbo ara rísẹ́pítọ̀ á yí padà, ìdí méjèèjì tó wà nínú á súnmọ́ra, ọ̀kan á sì lẹ fọ́sífétì mọ́ èkejì lára. Fọ́sífétì yìí kò ju èérún lọ, síbẹ̀ òun ni iṣẹ́ tí ínsúlìn wá jẹ́. Purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ IRS á wá so mọ́ ibẹ̀, wọ́n á lẹ fọ́sífétì mọ́ òun náà, òun náà á ta ẹlòmíràn jí, títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ èyí tó ń jẹ́ Akt. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn àpò wínníwínní tó gbé purotéènì GLUT4 sínú á dìde láti inú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á wá lẹ̀ mọ́ awọ. GLUT4 yìí ni ṣúgà ń gbà wọlé nínú ẹran ara tí a fi ń rìn tí a fi ń gbé nǹkan, àti nínú ọ̀rá ara.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Ṣúgà kò gba ara rísẹ́pítọ̀ ínsúlìn kọjá rárá. Ínsúlìn pàápàá kì í nílò láti wọlé kó tó jíṣẹ́. Rísẹ́pítọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí nǹkan ń gbà kọjá, báwo wá ni nǹkan ṣe fẹ́ dí i? Nínú ẹ̀dọ̀, tí ó ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kì í tilẹ̀ ṣe bí ṣúgà yóò ṣe wọlé ni ínsúlìn ń bá ẹ̀dọ̀ sọ. Ohun tó ń sọ fún un ni pé kó yé tú ṣúgà jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ṣúgà àárọ̀ yín fi lè ga nígbà tí ẹ kò fi nǹkan kan sẹ́nu láti alẹ́. Ibẹ̀ náà ni metformin ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ínsúlìn nìkan ló ń ṣe báyìí. Àwọn họ́mọ̀nù adrenaline àti glucagon náà, ara awọ ni wọ́n ti ń jíṣẹ́ wọn, wọn kì í wọlé. Ohun mìíràn tó ń jẹ́ cAMP ló ń gbé iṣẹ́ náà káàkiri nínú sẹ́ẹ̀lì. Earl Sutherland ló rí i, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1971. Àwọn họ́mọ̀nù bíi cortisol, estrogen àti testosterone yàtọ̀: àwọn lè la awọ kọjá, inú sẹ́ẹ̀lì sì ni rísẹ́pítọ̀ tiwọn ń gbé. N kò ní sọ púpọ̀ nípa wọn lónìí.

Ó ṣeé ṣe kí ọlọ́jà náà sọ fún yín pé ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì. Òótọ́ ni. Lórí ìyẹn gan-an ni àyẹ̀wò HbA1c dúró lé: ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ purotéènì pupa inú ẹ̀jẹ̀ la ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara, ó ráyè kó ṣúgà jọ. Rísẹ́pítọ̀ ínsúlìn kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, sẹ́ẹ̀lì ti tú bí ìdajì wọn palẹ̀, ó sì ti fi tuntun rọ́pò wọn. Ìdọ̀tí ọdún mẹ́fà wo ló fẹ́ kó jọ sára ohun tí kò dàgbà tó ọjọ́ mélòó kan?

Tí fífọ̀ bá sì ni ẹ ń wá, sẹ́ẹ̀lì ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì gba owó lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn tí ínsúlìn bá ti so mọ́ rísẹ́pítọ̀ tó sì ti jíṣẹ́ rẹ̀, awọ sẹ́ẹ̀lì níbi yẹn á jìn sínú, á ká àwọn méjèèjì mọ́, á sì já bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì bí àpò róbótó kékeré. Sẹ́ẹ̀lì á wá sọ inú àpò náà di kíkan bí ásíìdì. Kíkan yìí ló ń tú ínsúlìn kúrò lára rísẹ́pítọ̀. Wọ́n á fọ́ ínsúlìn náà sí wẹ́wẹ́. Rísẹ́pítọ̀ ní tirẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà fún un: yálà kó padà sí awọ láti tún ṣiṣẹ́, tàbí kí wọ́n tú òun náà ká. Iye tó padà àti iye tí wọ́n tú ká, ibẹ̀ gan-an ni sẹ́ẹ̀lì ti ń pinnu bí etí òun yóò ṣe là sí họ́mọ̀nù náà tó.

Kò tán síbẹ̀ o. Wọ́n ti fi nǹkan bọ́ rísẹ́pítọ̀ ínsúlìn kúrò lára sẹ́ẹ̀lì rí ní ilé ìwádìí. Ní 1969, Tetsuro Kono da trypsin, èròjà tó ń jẹ purotéènì, sórí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá eku. Ìta sẹ́ẹ̀lì mọ́ tónítóní. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì kò gbọ́ ti ínsúlìn mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n yọ trypsin kúrò tí sẹ́ẹ̀lì sì ráyè tún tirẹ̀ ṣe ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ padà. Ohun tí oògùn afọ-rísẹ́pítọ̀ yóò ṣe nìyẹn, bó bá jẹ́ pé ó lè ṣe ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ohun tó sì lè fọ ọ̀rá ara awọ sẹ́ẹ̀lì ni ọṣẹ. Ọṣẹ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, pípa ló pa sẹ́ẹ̀lì náà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní mo ti fo ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́jà yìí: pé ínsúlìn tí ẹ ń gún ló ń ti rísẹ́pítọ̀ pa. Ibí yìí ló ti fi òótọ́ díẹ̀ bo irọ́ ńlá mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká sì ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Òótọ́ tó wà níbẹ̀: ní 1974, James Gavin, Jesse Roth àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ènìyàn sínú omi tí ínsúlìn pọ̀ nínú rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí wọ́n ka rísẹ́pítọ̀ tó wà lára wọn, ó ti dínkù gan-an. Nígbà tí wọ́n yọ ínsúlìn náà kúrò, iye rísẹ́pítọ̀ gòkè padà. Họ́mọ̀nù tó bá pọ̀ lápọ̀jù láìdáwọ́ dúró, sẹ́ẹ̀lì á kọ etí ikún sí i: á kó rísẹ́pítọ̀ wọlé, á tú púpọ̀ nínú wọn ká. Bẹ́ẹ̀ náà la rí i lára àwọn tó sanra jù, tí páńkíríà wọn, ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlìn, ń tú u jáde púpọ̀ tọ̀sán-tòru: rísẹ́pítọ̀ wọn dínkù, bí wọ́n bá sì dín oúnjẹ kù, tí ínsúlìn inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, rísẹ́pítọ̀ á tún pọ̀ sí i. Ẹ wo ibi tí ìwòsàn ti wá. Kò sí ẹni tó fọ nǹkan kan fún wọn. Ohun tó mú kí sẹ́ẹ̀lì dín wọn kù ló kúrò níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì sì ṣe tuntun.

Irọ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju òótọ́ rẹ̀ lọ. Àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀lì ní rísẹ́pítọ̀ ínsúlìn ju èyí tó nílò lọ fíìfíì. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí 40 péré; sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá àti ti ẹ̀dọ̀ lè ní ohun tó lé ní 200,000. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá, bí ínsúlìn bá so mọ́ iye tí kò tó 10 nínú 100 wọn, sẹ́ẹ̀lì náà ti lè gba ṣúgà dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nítorí náà, ká tiẹ̀ ní ìwé ọlọ́jà yìí jẹ́ òótọ́, pé 34 nínú 100 ló kù fún yín, 34 yẹn ṣì tó iṣẹ́ ṣe. Ohun tí yóò kàn yí padà ni pé ínsúlìn tó díẹ̀ sí i yóò pọndandan kí iye kan náà tó rí họ́mọ̀nù so mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé náà kì í ṣe òótọ́, mo ń bọ̀ síbẹ̀.

Ìkejì, tó tún ṣe pàtàkì jù: nínú irú àtọ̀gbẹ tó ń mú àgbàlagbà, èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù náà kò sí lára rísẹ́pítọ̀. Ẹ̀yìn rísẹ́pítọ̀ ló wà, nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí ọ̀rá bá kó jọ síbi tí kò yẹ kó kó jọ sí, nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ẹran ara, àwọn èròjà tó ń jáde látinú ọ̀rá náà máa ń jẹ́ kí wọ́n lẹ fọ́sífétì mọ́ IRS ní ibi tí kò yẹ. Fọ́sífétì kan náà ni, ibi tó lẹ̀ mọ́ ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ yẹn ló sì gbé iṣẹ́ náà dákẹ́ sójú ọ̀nà. Ínsúlìn ti so mọ́ rísẹ́pítọ̀, rísẹ́pítọ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ GLUT4. Ẹ lè fọ òde sẹ́ẹ̀lì títí di ọ̀la, inú ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìkẹta ni èyí tó ń bà mí lẹ́rù fún yín. Wọ́n kò ṣàdédé fi abẹ́rẹ́ alẹ́ kún oògùn yín lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ bó ṣe sábà máa ń rí ni, páńkíríà yín kò lè ṣe ínsúlìn tó ara yín nílò mọ́. Abẹ́rẹ́ náà ń dí àlàfo kan ni. Ẹni tó bá pa á tì nítorí kó má baà ti rísẹ́pítọ̀ pa, ṣúgà rẹ̀ á gòkè, ṣúgà tó bá sì ga fún ìgbà pípẹ́ máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì túbọ̀ kọ etí ikún sí ínsúlìn, ó sì tún ń dá kún àárẹ̀ páńkíríà. Ohun tí ẹ ń sá fún gan-an ni ẹ ó sá bọ́ sínú rẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ń dín rísẹ́pítọ̀ kù ṣeré, àwa oníṣègùn ń lò ó fún ìwòsàn. Họ́mọ̀nù kan wà tí ọpọlọ ń tú jáde ní ìwọ̀nba, tó ń dáwọ́ dúró, tó tún ń tú u, GnRH lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń mú kí kórópọ̀n ọkùnrin ṣe testosterone. Bí ẹnì kan bá ní jẹjẹrẹ póróstéètì tó ń fi testosterone dàgbà, a lè gún un ní leuprolide, tó ń so mọ́ rísẹ́pítọ̀ kan náà ṣùgbọ́n tí kì í dáwọ́ dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, testosterone á kọ́kọ́ gòkè, ìdí sì nìyẹn tí dókítà fi máa ń fi oògùn mìíràn ṣọ́ aláìsàn lásìkò yẹn. Lẹ́yìn náà rísẹ́pítọ̀ á wọlé, sẹ́ẹ̀lì á dákẹ́, kó sì tó tó oṣù kan, testosterone á ti wálẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n tẹ̀ ní ọ̀dá. Họ́mọ̀nù náà kò dáwọ́ dúró, ìyẹn ló fà á tí sẹ́ẹ̀lì fi dákẹ́. Kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, ẹ̀yin tó ń lo propranolol tàbí irú rẹ̀ fún ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń bá wí. Oògùn yìí ń gba ààyè adrenaline lára rísẹ́pítọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí kò rí adrenaline gbọ́ fún ìgbà pípẹ́ á ṣe rísẹ́pítọ̀ sí i. Ẹni tó bá wá já oògùn náà lójijì, adrenaline ara rẹ̀ á bá rísẹ́pítọ̀ rẹpẹtẹ tó ń dúró dè é: àyà á máa já, àyà lè dùn ún, ọkàn tó ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀ sì lè dákẹ́. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń jáwọ́ nínú rẹ̀, pẹ̀lú dókítà. Ẹni tó ní ikọ́ fée náà, tó ń fọn salbutamol léraléra lọ́jọ́ kan: lára rísẹ́pítọ̀ tí oògùn yẹn ń lò, sẹ́ẹ̀lì ń lẹ fọ́sífétì mọ́ ìdí rẹ̀, purotéènì tó ń jẹ́ arrestin á bò ó, wọn á sì fà á wọlé. Robert Lefkowitz, tó gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Brian Kobilka ní 2012, wà lára àwọn tó ṣí wa lójú sí èyí. Bí fífọ́n yín bá ti ń pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ilé ìtajà oògùn.

Rísẹ́pítọ̀ máa ń ní àìsàn tirẹ̀ lóòótọ́, ẹ má rò pé mo ní kì í ṣàìsàn. Nínú àìsàn Graves, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ń so mọ́ rísẹ́pítọ̀ táírọ́ìdì, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ láìdáwọ́ dúró títí èèyàn á fi máa gbọ̀n, tí á máa rù. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù nínú àbùdá tó ń ṣe rísẹ́pítọ̀ họ́mọ̀nù ìdàgbà, wọn kì í ga; Zvi Laron kọ nípa wọn ní 1966. Àléébù irú rẹ̀ wà fún rísẹ́pítọ̀ ínsúlìn pẹ̀lú, ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, ọmọdé ló sì sábà máa ń hàn lára rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àyẹ̀wò tirẹ̀ àti ìtọ́jú tirẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n ń fọ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí ẹ dì mú ńkọ́? Irọ́ ni. N kò mọ ọ̀nà tí mo fi lè sọ ọ́ kó dùn létí. Láti ka rísẹ́pítọ̀ ínsúlìn, wọ́n ní láti gba sẹ́ẹ̀lì kúrò lára èèyàn, kí wọ́n fi ínsúlìn tí wọ́n ti fi àmì sí lára, irú bí èròjà ìtànṣán, dà á sórí rẹ̀, kí wọ́n wá wọn iye tó so mọ́ ọn. Iṣẹ́ ilé ìwádìí ni, a kì í ṣe é fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lásán, torí èsì rẹ̀ kò ní yí oògùn tí a ó kọ fún un padà. Ibi tí ilé ìwòsàn ti ń wo rísẹ́pítọ̀ lójoojúmọ́ ni jẹjẹrẹ ọyàn, tí wọ́n ń wo rísẹ́pítọ̀ tó ń jẹ́ HER2 àti ti estrogen. Kódà níbẹ̀, wọ́n ní láti gé díẹ̀ lára kókó náà kí wọ́n tó rí i. Kò sí irin àdìmọ́wọ́ tó lè ka ohun tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí kò ṣàìsàn kankan di irin náà mú, ìwé á jáde fún òun náà.

Ó ku bí ṣúgà yín ṣe wálẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún. Mo gbà yín gbọ́, ìdí sì nìyẹn tí ara mi kò fi balẹ̀. Àwọn aláṣẹ oògùn ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti yẹ irú ọjà báyìí wò, wọ́n sì ti rí oògùn òyìnbó tí wọ́n pò mọ́ ọn láìkọ ọ́ sára ìgò, glibenclamide àti metformin pẹ̀lú. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín rí, n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n glibenclamide ń fi agbára mú páńkíríà tú ínsúlìn jáde. Tí ẹ bá wá ń mu ún lé abẹ́rẹ́ alẹ́ lórí, ṣúgà yín lè já wálẹ̀ jù lóru, nígbà tí ẹ wà lójú oorun. Ó sì tún lè jẹ́ pé láti ìgbà tí ẹ ti gba ìgò náà lẹ ti ń ṣọ́ ẹnu yín tí ẹ sì ń lo oògùn yín déédéé. Mo ti rí ìyẹn náà.

Nítorí náà, ẹ dáwọ́ omi ìgò náà dúró lónìí. Kí ẹ máa lo oògùn tí wọ́n kọ fún yín bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ sì máa wọn ṣúgà léraléra ní ọjọ́ mélòó kan yìí, torí tó bá jẹ́ pé nǹkan wà nínú ìgò yẹn lóòótọ́, ṣúgà lè gòkè padà bí ẹ bá dá a dúró. Ẹ pe dókítà yín kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ má tijú. Inú mi kì í dùn sí aláìsàn tó fi ohun tó mu pamọ́, kì í ṣe sí ẹni tó mu ún. Ẹ ní kó yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ yín wò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó ń la etí sẹ́ẹ̀lì sí ínsúlìn ní ti gidi kò lẹ́wà tó ohun tí wọ́n ń tà nínú ìgò. Ẹran ara tó bá ń ṣiṣẹ́, bó ṣe ń fún tó ń tú, máa ń gbé GLUT4 wá sí awọ láìdúró de ínsúlìn rárá. Ọ̀nà mìíràn ló gbà, kò kan rísẹ́pítọ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ rìn lónìí, ipa rẹ̀ lè wà lára yín títí di ọ̀la. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002 tẹ̀lé àwọn tó kù díẹ̀ kí àtọ̀gbẹ mú: àwọn tó dín ìwúwo ara kù díẹ̀ tí wọ́n sì ń rìn déédéé, iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú nínú wọn fi 58 nínú 100 kéré sí ti àwọn tó ń lo oògùn òfìfo, fún àwọn tó lo metformin, 31 ni. Ẹ̀yin ti kọjá ìpele yẹn, n kò ní fi iye yẹn ṣèlérí fún yín. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara ló ń dínkù nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀nà inú sẹ́ẹ̀lì tó ti dí sì ń là. Ẹ bi dókítà yín irú ìrìn tó bá ọkàn àti orúnkún yín mu, ẹ yẹ ẹsẹ̀ yín wò kí ẹ tó wọ bàtà àti lẹ́yìn tí ẹ bá bọ́ ọ, kí ẹ má sì gbàgbé pé ìrìn pẹ̀lú ínsúlìn lè mú ṣúgà wálẹ̀ jù.

Bí òógùn tútù bá bo yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ojú ń ṣú, tí ọ̀rọ̀ ń dàrú lẹ́nu, ohun mímu tó ní ṣúgà ni kí ẹ kọ́kọ́ mu bí ẹ bá ṣì lè gbé e mì, kí ẹ tó wọn nǹkan kan. Bó bá jẹ́ òùngbẹ tí kì í lọ, ìtọ̀ léraléra, èébì, mímí kíákíá tàbí oorun tí kò yẹ ló dé, ẹ ní kí ẹni tó wà nítòsí gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má kọ̀wé sí mi nígbà yẹn, ẹ má sì dúró de ìdáhùn mi.